Okùn Fáólìn Tí Wọ́n Sin Sí Ààlà

Ọwọ́ òsì Malikah kú lórí pèpéle ní Òṣogbo, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, nígbà tó ń ta fáólìn lọ́wọ́.

Okùn kò já. Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Àwọn mẹ́rin ló jókòó: Malikah ń ta fáólìn àkọ́kọ́, Dinah ń ta ìkejì, Yésúfù mú fiólà, tó tóbi díẹ̀ ju fáólìn lọ, Mansur fi sẹ́lò, fáólìn ńlá yẹn, sáàárín orúnkún. Wọ́n ti dé ibi tí orin náà ti ń rọra lọ. Malikah ní kí ìka kẹta gbéra. Ìka kò gbéra. Ó wò ó bí ìgbà téèyàn ń wo ìka ẹlòmíràn. Àwọn ìka yòókù náà bá rọ sórí igi. Ọ̀pá fáólìn ṣì ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ló sì ń jáde, bíi ẹ̀fọn létí ẹni tó ń sùn.

Àwọn tó wá gbọ́ orin rò pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mansur yíjú wò ó. Yésúfù náà wò ó. Dinah nìkan ni kò wò ó. Ó gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, ó ta apá ti Malikah títí dé òpin, kò wo ìwé.

Nínú mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ sí Ìlobù, Mansur ní, "Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fún wa lóúnjẹ ká tó jókòó. Ebi ni."

"Kì í ṣe ebi," Malikah wí. Ó gbé ọwọ́ náà lé itan. Ó wúwo bí iṣu.

Bàbá bàbá rẹ̀ ló gbé fáólìn rẹ̀ bọ̀ láti Kùmásì lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì máa lọ. Àwọn ẹlòmíràn di ìkòkò àti aṣọ. Bàbá di fáólìn sínú ẹní. Malikah gbé e lọ sí Èkó, ó fi ọdún méjìlá ta á nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá, ó ta á níbi ìgbéyàwó àwọn olówó, kó tó padà wálé wá máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Òun ló kó àwọn mẹ́ta yòókù jọ. Wọn ò ní olùdarí. Olúkúlùkù ń gbọ́ èémí ẹnì kejì kó tó gbé ọ̀pá. Ọmọ Ìlobù méjì, ọmọ Ìfọ́n méjì. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì le, tí ìjọba ṣe òfin kónílé-ó-gbélé, wọn ò túká. Wọ́n kàn gbé ìdánrawò wá sí ọ̀sán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí ìdánwò iṣẹ́ kan tó dé. Ilé-ẹ̀kọ́ orin kan ní Òṣogbo fẹ́ gba olùkọ́ fáólìn, ẹyọ kan. Malikah ni wọ́n ní lọ́kàn, àfi kó wá ta á níwájú ìgbìmọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Bí ọwọ́ yẹn kò bá jí, kò sí ìgbìmọ̀, kò sí ẹgbẹ́, kò sí ọmọ tó máa kọ́.

Dókítà fi abẹ́rẹ́ gún ìka rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ó dùn yín, màmá?"

"Ṣé ẹ ti gún un?"

"Ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, màmá."

Ó ní iṣan ni. Ó ní kó lọ sinmi.

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ Sátidé yẹn, Dinah gba ojú ọ̀nà oko jáde lẹ́yìn Ìfọ́n, lọ́sàn-án gangan. Láti ìgbà tí kónílé-ó-gbélé ti dé, ọ̀sán làwọn ènìyàn ń ṣe ohun tí wọ́n máa ń fi òru ṣe.

Ìyá Rísíkátù jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó ń pa ẹ̀gúsí. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ tó jọ oníṣègùn. Ajá kan sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Dinah kúnlẹ̀, ajá náà dìde, ó kúrò níbẹ̀, kò gbó.

"Ẹ kú ọ̀sán, màmá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ọ̀ọ. Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò ṣẹ̀ mí, màmá. Ó wà níwájú mi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mọ́kànlá."

Ìyá Rísíkátù da èèpo ẹ̀gúsí nù. "Ṣé kó kú?"

"Rárá o, màmá. Kó má ṣàìsàn pàápàá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan. Kó sùn."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí wọ́n á fi gbà mí síṣẹ́."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọwọ́ tó bá sùn kì í wo kàlẹ́ńdà. Kí lo mú wá tó jẹ́ tirẹ̀?"

Dinah tú bébà. Okùn kan ló wà níbẹ̀, ó ká bí ejò kékeré, ó ń dán.

"Wáyà iná nìyí?"

"Okùn fáólìn ni, màmá. Okùn kẹrin. Ọwọ́ òsì yẹn ló fi ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ fún odindi ọdún kan."

Ìyá Rísíkátù gbé e sí imú. "Gòjé."

"Fáólìn ni, màmá."

"Gòjé tó wọ kóòtù ni." Ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kàn án?"

Kì í ṣe ọwọ́ Malikah nìkan ló kàn án. Okùn fáólìn wọ́n, àwọn òyìnbó ló ń ṣe é. Lọ́dọọdún ni Malikah ń pààrọ̀ tirẹ̀, á sì kó àwọn tó ti lò fún Dinah, Dinah á tún lò wọ́n di ọdún kejì. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Okùn tó wà nínú bébà yẹn, oṣù mẹ́jọ ló fi wà lórí fáólìn Dinah fúnra rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ló tú u.

Ó wo ojú ìyá náà. Kò fẹ́ kó mọ̀ pé àlòkù ẹlòmíràn lòun fi ń jẹun.

"Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni, màmá."

Ìyá Rísíkátù wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó dé, ó ti ta okùn náà ní kókó mẹ́ta, ó sì ti fi nǹkan dúdú pa á.

"Wá ilẹ̀ tí ẹni méjì ń pè ní tiwọn. Ibẹ̀ ni kó o sin ín sí. Kò sẹ́ni tó máa fi ọkọ́ kàn án."

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Dinah lọ nígbà tí àwọn sójà tó ń ṣọ́ ààlà ń jẹun. Ó gbẹ́ ìdí igi ìyeyè kan pẹ̀lú ṣíbí. Nígbà tó da erùpẹ̀ padà lé e lórí, ó gbọ́ ohùn kan lábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà téèyàn fi èékánná kan okùn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní etí òun ni. Ó lọ sílé lọ fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ.

*

"Dókítà ní iṣan," ni Àǹtí Sàídátù, àbúrò bàbá Malikah, wí. Kùmásì ni wọ́n bí i sí, ó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní ọjà Ìlobù, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Iṣan wo? Iṣan tó mọ ọjọ́ kóńsáàtì? Dìde, a ń lọ sọ́dọ̀ Alfa."

Alfa Sofiyullah ti ń kọ nǹkan sórí wàláà nígbà tí wọ́n dé. Ó ní kí Malikah gbé àgbọ̀n sókè. Àmì dúdú kan wà níbẹ̀, lápá òsì, lábẹ́ egungun.

"Ibí ni wọ́n ti dì í mú."

"Fáólìn ló ṣe é, Alfa," Malikah wí. "Ibẹ̀ ni mo ń gbé e lé. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún."

"Mo gbọ́." Alfa kọ ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. "Ta lo fura sí?"

"Mi ò fura sí ẹnikẹ́ni."

"Èmi fura sí gbogbo Ìfọ́n," Àǹtí Sàídátù wí.

"Ìyẹn pọ̀ jù fún abọ́ kan, ìyá."

Ó fi omi fọ yíǹkì kúrò lára wàláà sínú abọ́ funfun. Wọ́n ń pe omi yẹn ní hàǹtú. Ó ní kí Malikah ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti Àsárì títí di Màǹgáríbà. Ọwọ́ náà wà nínú omi dúdú bí ẹja tó ti kú. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, omi ti mọ́ roro. Kò sí yíǹkì níbẹ̀ mọ́. Kò sì sí i lára ọwọ́.

Àǹtí Sàídátù sún ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ó ti lọ," Alfa wí. "Mi ò nílò orúkọ. Ó mọ ilé ẹni tó rán an."

"Ọwọ́ mi á jí?"

"Mo ní ó ti lọ. Mi ò tíì ní ó jí."

Láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo ọ̀sán, bí wọ́n bá ti pe Súúrì, okùn kẹrin fáólìn Malikah á dún nínú àpótí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àǹtí Sàídátù ní kí wọ́n gbé e jáde nílé. Malikah ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù kò bà á. Kò sí nǹkan tó ń wọ̀ ọ́ lára mọ́. Ó ń jẹun nítorí wọ́n gbé e wá. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ wá kí i, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, ó ń wo ẹnu wọn, ó ń sọ pé ẹ ṣé.

*

Dinah ti kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́ Òṣogbo. Wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n ní níwọ̀n bí ara Malikah kò ti yá, kí Dinah múra sílẹ̀.

Ó ń múra sílẹ̀. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ọkọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, Jùmọ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì sì ń jó yí ìjókòó rẹ̀ ká. Ọmọ náà kì í sùn bí kò bá gbọ́ fáólìn. Á gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, "Mọ́mì, tún ta."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, Dinah gbé ìkòkò ẹ̀kọ kúrò lórí iná. Jùmọ̀kẹ́ ń rẹ́rìn-ín sí èéfín. Òórùn kan ń jáde, bí ìgbà tí wọ́n ń sun awọ. Dinah wo ẹ̀yìn ilé, ó wo ilé aládùúgbò. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó ti lẹ̀ mọ́ etí ìkòkò.

Kò dùn ún rárá.

Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Rísíkátù kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run. Ìyá náà kò jẹ́ kó kúnlẹ̀ tán.

"Mo bi ọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan?"

Dinah tẹjú mọ́ ẹ̀gúsí tó wà nílẹ̀.

"Ta ló ni okùn yẹn?"

"Òun ni. Ó fún mi. Mo lò ó."

"Ìtìjú ló mú ọ purọ́ fún mi. Oògùn kò mọ ìtìjú."

"Wọ́n ní ó lọ sọ́dọ̀ alfa kan ní Ìlobù, màmá. Bóyá tiwọn ló ń jà mí, tí kì í ṣe tiwa."

"Ó lè jẹ́ tiwọn. Ó lè jẹ́ tiwa. Ilé ti ń jó, o ń béèrè ẹni tó ni ìṣáná." Ìyá Rísíkátù gbé ọwọ́ tó bó náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó jù ú sílẹ̀. "Lọ hú u. Tú kókó rẹ̀, kó o fọ̀ ọ́ nínú omi tó ń ṣàn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ọwọ́ tirẹ̀ ló máa jí. Ẹnì kan ṣoṣo. Èkejì á wà bó ṣe wà."

"Títí di ìgbà wo, màmá?"

Ìyá Rísíkátù padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Dinah gbìyànjú lọ́jọ́ náà. Àwọn sójà ti fi igi dí ọ̀nà láti apá Ìfọ́n, wọ́n dá a padà. Apá kan ṣoṣo ló kù téèyàn lè gbà dé ìdí igi ìyeyè yẹn. Oko ìdílé Malikah ni.

*

Àǹtí Sàídátù ti lọ sọ́jà nígbà tí Dinah dé. Malikah jókòó lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Dinah kúnlẹ̀, kò dìde.

"Àǹtí mi, èmi ni mo ṣe é."

Malikah wò ó.

"Nítorí iṣẹ́ Òṣogbo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ò ní fún mi."

Malikah rò ó. "Òótọ́ ni. Mi ò ní fún ọ." Ó ṣí ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní kí Dinah lè jókòó. "Okùn wo lo lò?"

"Okùn kẹrin tẹ́ ẹ fún mi lọ́dún tó kọjá."

"Okùn yẹn dáa."

Dinah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Malikah kò sunkún, kò bínú. Ó wá ìbínú nínú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, kò rí i. Dinah gbé ọwọ́ òsì tirẹ̀ sórí ẹní, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Malikah gbé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ méjì, ìka mẹ́wàá, kò sí èyí tó mira.

"Wọ́n ní ká hú u," Dinah wí. "Ká fọ̀ ọ́ lódò. Àwa méjèèjì á gbádùn."

Ibẹ̀ ló ti tún purọ́.

"Lọ́la," Malikah wí. "Lẹ́yìn Súbúhì. Wọ bàtà tó dáa, ẹ̀gún wà níbẹ̀."

*

Ọyẹ́ bo oko lọ́jọ́ kejì. Ọkọ́ kan ni wọ́n mú dání, ọwọ́ ọ̀tún ni Malikah fi ń gbẹ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni Dinah fi ń kó erùpẹ̀. Lábẹ́ igi ìyeyè, koríko kò hù níbi tí okùn náà wà. Ó rí roboto bí ẹnu abọ́.

Ẹnì kan fọn fèrè láti òdìkejì.

Wọ́n dojú bolẹ̀. Ohùn ọkùnrin méjì ni, àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀. Wọn ò mọ̀ bóyá ará Ìlobù ni tàbí ará Ìfọ́n. Lórí ilẹ̀ yẹn, kò sí ìyàtọ̀.

"Mo rí ènìyàn níbẹ̀."

"Ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́ ń wé gèlè?"

"Lọ bá a nígbà náà. Èmi ò lọ sídìí igi yẹn. Ó ń kọrin lọ́sàn-án."

Wọn kò wá. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn jìnnà, Dinah ki ọwọ́ bọ ihò náà, ó fa okùn jáde. Kò dípẹtà. Ó ń dán bí ọjọ́ tó jáde nínú bébà. Ó fi eyín tú kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Malikah sì ń wò ó, kò bi í pé kí ló dé tó fi ń kánjú tó bẹ́ẹ̀.

Odò kò jìnnà. Dinah ń sáré. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń já igbó, ó ti fi okùn sí ọwọ́ òsì, ó fi ojú rí i pé ìka rẹ̀ ti pa dé lé e. Ojú nìkan ló lè fi mọ̀. Ó wọ omi títí dé orúnkún. Ó kù kó tẹ̀ ba, kó fọ̀ ọ́, kó parí. Fèrè tún dún lẹ́yìn wọn. Ó gbójú sókè.

Ọwọ́ náà ṣí. Kò sọ fún un.

Nígbà tó fi máa wo ilẹ̀, okùn ti bọ́ sómi, omi ti gbé e lọ sí ìdí ẹsẹ̀ Malikah, tó ti wọ omi tẹ̀ lé e. Malikah bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀ nínú omi, láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, dáadáa, nítorí bó ṣe máa ń nu okùn kó tó fún ẹnikẹ́ni nìyẹn.

"Gbà," ó wí. "Ó ti mọ́."

Dinah na ọwọ́ gbà á. Òun náà fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó fi yanrìn bó o. Malikah dúró dè é ní etídò, ó rò pé bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe é nìyẹn.

*

Ní ọjọ́ kẹta, Malikah fi ọwọ́ òsì kan ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mọ̀ pé ó tutù. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé fáólìn. Ó ta á níwájú ìgbìmọ̀ ní Òṣogbo, kò ṣì í níbì kan, wọ́n gbà á. Àǹtí Sàídátù pín àkàrà fún gbogbo àdúgbò, ó gbé ewúrẹ́ lọ fún Alfa. Nígbà tí wọ́n bi Malikah pé báwo ló ṣe rí, ó ní ó dáa. Inú rẹ̀ kò dùn, kò bàjẹ́. Ó kọ́ ọmọ mẹ́fà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wọkọ̀ padà sílé.

Ó ní kí Mansur wá ẹlòmíràn fún fáólìn kejì. Mansur bi í pé kí ló dé. Ó ní ọwọ́ Dinah ń dùn ún.

Kò dùn ún rárá. Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Dinah ti gbé fáólìn rẹ̀ sórí àjà. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan di bọ́tìnì, bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan fọ abọ́. Ó ti kọ́ láti máa wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bó bá ń gbé nǹkan. Àmọ́ èèyàn kì í rántí nígbà gbogbo.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Jùmọ̀kẹ́ sùn láti ọ̀sán, kò béèrè orin. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Dinah gbé abọ́ ẹ̀kọ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ òsì kan iwájú orí rẹ̀, bí gbogbo ìyá ṣe ń ṣe. Ọwọ́ náà kò sọ nǹkan kan fún un. Ó ní ara ọmọ tutù. Ó fi í sílẹ̀ kó máa sùn, kónílé-ó-gbélé sì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí gìrì gbé ọmọ náà, kò sí ọ̀kadà, kò sí mọ́tò, àwọn sójà wà ní oríta. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ibà náà ti wọ ọpọlọ.

Jùmọ̀kẹ́ kò kú. Ó jẹun, ó rìn, ó rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, Dinah dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀. Ó tún un pè. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orí rẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi wá dì í mú.

Ọmọ náà kò bojú wẹ̀yìn.